Èsì: Ṣé Ọlọ́run tilẹ̀ ń wá mi ní Lẹ́ńtì yìí?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní láti Ọjọ́rú Eérú, tí ààwẹ̀ Lẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀, lẹ ti ń gbààwẹ̀, síbẹ̀ ọkàn yín gbẹ táútáú, ẹ wá ń béèrè bóyá Ọlọ́run tilẹ̀ ń wá yín.

Oǹdó ni ìyá mi ń gbé, èmi wà ní Àkúrẹ́. Bí mo bá ti ní mò ń bọ̀ ní Sátidé, wọn kì í jẹun kí n tó dé. Iyán á wà nínú kúlà, wọ́n á gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa wo gbogbo ọ̀kadà tó bá yà wọ àdúgbò. Lọ́jọ́ kan mo ra búrẹ́dì méjì dání, mo kàn gbé e kalẹ̀, mo ní mò ń sáré. Wọn ò wo búrẹ́dì yẹn rárá. “Ṣé o ò ní jókòó ni?”

Ààwẹ̀ wa lè dà bíi búrẹ́dì ọ̀hún (èmi gan-an jẹ̀bi rẹ̀). Nínú Jẹ́nẹ́sísì 3, Ádámù ló sá pamọ́, Ọlọ́run ló ń béèrè ibi tó wà. Nínú ọjọ́ 40 Lẹ́ńtì yìí, ẹ máa jókòó fún ìṣẹ́jú 10 láràárọ̀, kí ẹ sọ ohun tó ń dùn yín fún un, kódà bí ẹ bá ń bínú sí i.