Ìyá Ìbejì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fá ajá yín kodoro nínú òtútù

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, Ìyá Ìbejì. Mo ka ìbéèrè yín. Irun Goldendoodle, ajá tí àwọn ìbejì ní kí ẹ rà, ti gùn, ó ti ń ta kókó lẹ́yìn etí, òtútù Minnesota sì ti wọlé. Bàbá wọn ní kí ẹ fi irun náà sílẹ̀ di oṣù kẹrin kó lè máa fi móoru, aládùúgbò yín ní kí ẹ gé e mọ́lẹ̀ pátápátá. Ẹ wá ń béèrè bó ṣe yẹ kó gùn tó.

Ẹ má fá a, ẹ má sì fi sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gé e kó kù bí ínǹṣì kan lára, kí ẹ máa fi òòyà irin yà á dé awọ, kí ẹ sì máa tún un gé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ìyókù tí mo fẹ́ sọ, ìyà tí wọ́n fi jẹ Tanímọ̀la, ajá mi, ní Chicago níbí ló ń mú mi sọ ọ́. Ó ti pẹ́, ṣùgbọ́n inú mi kò tíì rọ̀.

Oṣù kìíní ni. Súwẹ́tà tó ń wọ̀ ti fi ara ha irun rẹ̀ títí tó fi ta kókó lábíyá àti lẹ́yìn etí. Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń gẹrun ajá. Mo fi ìka tọ́ka síbẹ̀ fún wọn: ibi tó ta kókó nìkan ni kí ẹ gé, ẹ má fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tó gbà á lọ́wọ́ mi ní òun ti gbọ́, ó tiẹ̀ kọ nǹkan sínú ìwé. Nígbà tí mo padà dé, awọ pupa ni mò ń wò lára ajá mi láti ọrùn dé ìdí. Abẹ nọ́ńbà 10 ni wọ́n gbé lé e. Bí nọ́ńbà abẹ bá ṣe ń ga sí i ni irun tó ń ṣẹ́ kù ń kúrú sí i: 10 kì í fi ju nǹkan bíi mìlímítà kan àbọ̀ sílẹ̀, nígbà tí 4 lè fi bíi mìlímítà 9 sílẹ̀. Mo ní kí ló dé tí ẹ kò fi pè mí lórí fóònù. Wọ́n ní irun ni, yóò hù. Yìnyín ló kún ojú títì tí mo máa gbé e gbà lọ sílé o!

Irun kọ́ ni ó wá burú jù, etí ni. Lálẹ́ ọjọ́ náà, Tanímọ̀la bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn orí. Ó ń gbọ̀n ọ́n, ó ń fi etí gbá ara ògiri, kò sùn, èmi náà kò sùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, etí òsì ti wú, ó gbóná, ó rọ̀, bí mo bá fọwọ́ kàn án á pariwo. Mo pe ilé ìwòsàn ẹranko tó sún mọ́ wa. Ẹni tó gbé fóònù ní ajá a máa gbọn orí lẹ́yìn tí wọ́n bá gẹ irun rẹ̀, kí n dúró di ọjọ́ Ajé. Kò béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ mi nípa wíwú tí mo sọ. Mi ò dúró. Mo gbé e lọ sí ibòmíràn, níbi tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ òru, dókítà ibẹ̀ ló wá ṣàlàyé fún mi. Irun tó ta kókó ti há etí mọ́ra fún ìgbà pípẹ́, ẹ̀jẹ̀ kò rí ọ̀nà ṣàn dáadáa. Nígbà tí wọ́n fá irun náà lójijì, ẹ̀jẹ̀ ya wọ inú etí, etí ń yún un, ó sì gbọn orí títí àwọn iṣan wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ fi bẹ́. Ẹ̀jẹ̀ wá kó jọ sí àárín awọ àti eegun rírọ̀ etí. Wọ́n la á, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ náà jáde, wọ́n rán an, wọ́n sì fi ike rọ̀gbọ̀dọ̀ sí i lọ́rùn. Ẹ wo bí a ó ṣe wọ súwẹ́tà fún ajá tí wọ́n fá, tí ike wà lọ́rùn rẹ̀. Bí mo bá ṣí ilẹ̀kùn, á kàn jókòó síbẹ̀ máa gbọ̀n, á sì padà wá tọ̀ sórí rọ́ọ̀gì. Hítà inú ilé tún gbẹ awọ rẹ̀ títí tó fi ń bó.

Ní Illinois, ìpínlẹ̀ tí Chicago wà, ẹni tó fẹ́ gẹ irun ọmọ ènìyàn gbọ́dọ̀ gba láísẹ́ńsì. Ọmọ ènìyàn tó lè fi ẹnu sọ pé ó ń dun òun! Onígbàjámọ̀ ajá kò nílò irú rẹ̀, ajá tí kò lè sọ̀rọ̀ ni wọ́n sì ń gbé abẹ lé. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń bí mi nínú gidigidi. Nítorí náà, tí ẹ bá gbé ajá yín lọ, ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ kó "kúrú díẹ̀". Ẹ sọ ínǹṣì. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n pè yín kí wọ́n tó fá ibikíbi. Tí wọ́n bá máa fá etí, ẹ ní kí wọ́n fi aṣọ rírọ̀ wé etí náà mọ́ orí lẹ́yìn rẹ̀, kó má baà lè máa fi gbá kiri.

Kì í ṣe bí Bàbá Ìbejì ṣe wí o, irun tó ta kókó kò lè mú ajá móoru. Afẹ́fẹ́ tó há sáàárín irun ló ń mú ajá móoru. Irun tó ti lọ́ pọ̀ bíi dàda kò ní àyè fún afẹ́fẹ́ mọ́, omi yìnyín ló ń wọnú rẹ̀, kì í sì í tètè gbẹ. Poodle wà nínú ìran ajá yín, irun irú wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ já bọ́ sílẹ̀, èyí tó bá já a máa há sínú èyí tó kù. Tí ẹ bá fi sílẹ̀ di oṣù kẹrin, fífá kodoro ló máa kàn. Ti ẹni tó ní Husky tàbí German Shepherd yàtọ̀ o. Irun onípele méjì ni tiwọn, ẹ má gbé abẹ débẹ̀ rárá, ìgbà mìíràn kì í hù padà bó ṣe wà.

Ẹ má fi síṣọ́ọ̀sì gé kókó. Kókó máa ń fa awọ wọ inú ara rẹ̀, awọ ni ẹ ó gé. Ẹ má wẹ̀ ẹ́ láìyà á tẹ́lẹ̀, omi máa ń mú kókó le sí i. Ẹ bọ́ súwẹ́tà tó bá ti wọlé.

Irun àárín ìka ẹsẹ̀ ni kí ẹ gé kó bá àtẹ́lẹsẹ̀ dọ́gba, nítorí yìnyín máa ń dì síbẹ̀. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sí títì a máa ta á lẹ́sẹ̀, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ̀ ọ́ kó tó lá a. Àti omi tí wọ́n ń dà sínú ẹ́ńjìnnì mọ́tò kó má baà dì, ẹ ṣọ́ra fún un gan-an nínú gáréèjì yín: ó dùn lẹ́nu ajá, ó sì ń ba kíndìnrín jẹ́ títí dé ikú.

Ínǹṣì kan yẹn kò ní kó máa pẹ́ níta o. Ní ọjọ́ 30 oṣù kìíní ọdún 2019, Chicago lọ sí −23 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit; irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kó tọ̀, kó yàgbẹ́, kó wọlé. Ìgbóná ara ajá tó le a máa wà láàárín 101 sí 102.5 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit kan náà. Tó bá lọ sísàlẹ̀ 99, ẹ pe dókítà.

Ti kókó ẹ̀yìn etí tí ẹ ní nísinsìnyí: ẹ gbìyànjú kí òòyà wọ ìdí rẹ̀. Tó bá wọ̀ ọ́, ẹ tú u díẹ̀díẹ̀ láti orí wá sí ìdí. Tí kò bá wọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n fá ibẹ̀ nìkan, ó sàn ju kí ẹ máa fà á kó máa ké. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbọ́ òórùn níbẹ̀ tàbí tí ẹ rí omi ọgbẹ́, dókítà ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ bá, kí ẹ tó lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ kankan.