Àmín tí mo kọ̀ láti ṣe

Àbúrò mi, ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní Kútọnù, mo ka ohun tí o kọ. O ní o kò gba Ọlọ́run gbọ́ mọ́, o kò sì gba òrìṣà gbọ́. Màmá rẹ ń pè ọ́ láràárọ̀, ó ń wúre fún ọ lórí fóònù, ìwọ ń ṣe àmín, ó sì wá ń ṣe ọ́ bíi pé irọ́ lò ń pa fún un. O fẹ́ mọ̀ bóyá kí o máa dákẹ́. Èmi ti dákẹ́ rí. Ọdún mẹ́rin ló ná mi.

Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, ni wọ́n bí mi sí. Ìmàle ni bàbá mi. Ará Kétu ni ìyá mi, ilé onígẹ̀lẹ̀dẹ́ ni wọ́n ti tọ́ ọ kó tó fẹ́ bàbá mi tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kírun. Nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ayé Kérékou, ààrẹ Benin nígbà yẹn, la wà. Láti 1974 ló ti kéde pé ọ̀nà Marx àti Lenin ni ìjọba yóò máa tọ̀, wọ́n sì kọ́ wa pé oògùn oorun tí wọ́n fi ń rẹ tálákà lẹ́kún ni ẹ̀sìn. Ó wọ̀ mí lára gan-an. Ẹnikẹ́ni tó bá mú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, lójú mi, ẹni tó ń sùn rìn ni. (Nígbà tí nǹkan dojú rú fún ìjọba yẹn náà, tí wọ́n pe ìpàdé gbogbogbòò ní 1990, àlùfáà Kátólíìkì, Monseigneur Isidore de Souza, ni wọ́n fi ṣe alága. Kérékou fúnra rẹ̀ padà di onígbàgbọ́. Èmi tí wọ́n kọ́ ni mo kù síbi tí wọ́n fi mí sí.)

Mo gbéyàwó ní 1996. Nínú ilé wa, lójú gbogbo ẹbí, ìyá mi gbé ọwọ́ lé ìyàwó mi lórí, ó ní ẹ̀yìn ìyàwó kò ní mẹní. Gbogbo ilé hó pé àmín. Èmi dákẹ́. Ìyá mi wò mí, ó tún un sọ, ó rọra sọ ọ́ bí ẹni tó rò pé n kò gbọ́ ni. Mo ní, “Màámi, ẹ ṣáà mọ̀ pé n kì í ṣe àmín.” Àbúrò bàbá mi kan dìde, ó bọ́ síta. Ìyá mi tún gèlè rẹ̀ wé, ó ní kí wọ́n máa gbé oúnjẹ wá.

Mo rò pé mo ti ṣe akọ. Àfìgbà tó yá tí mo rí i pé ìyá mi kò wúre fún mi mọ́. Bí mo bá kí i, á ní, “O káàárọ̀.” Ó parí. Kò kì mí ní oríkì mọ́. Ọmọ Yorùbá ni ọ́, o mọ bó ṣe máa ń rí bí ìyá ẹni bá ń dá ènìyàn lóhùn bí ẹni ń dá oníbàárà lóhùn.

Iṣẹ́ iná mànàmáná ni mò ń ṣe. Ní 2000, kí ààwẹ̀ tó wọlé, Àáfà àdúgbò wa ní kí n wá tún iná àti fáànù mọ́ṣálááṣí ṣe. (Kì í ṣe Mọ́ṣálááṣí Ńlá o, èyí tí àwọn Àgùdà, àwọn ìdílé tó ti Brazil padà dé, kọ́ tó fi dà bíi ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ará Bahia ní Brazil. Kékeré ni tiwa.) Ilẹ̀ ibẹ̀ ń yọ̀, Àáfà fúnra rẹ̀ ló di àkàbà mú fún mi. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní, “Àáfà, ẹ̀yin lẹ̀ ń di àkàbà mú fún kèfèrí?” Ó ní, “Bí kèfèrí bá já lulẹ̀ nínú mọ́ṣálááṣí mi, ta ni yóò gbà pé n kò tì í?” A rẹ́rìn-ín. Ó wá ní, “Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìwọ àti ìyá rẹ yẹn kò dùn mọ́ mi. Ṣé Ọlọ́run lo rò pé ó ń retí àmín rẹ ni? Ìyá rẹ ló ń retí.”

Iṣẹ́ kò parí lọ́jọ́ yẹn. Lálẹ́, mo lọ bá ìyá mi níbi tó ti ń dín àkàrà. Mo ní kí ó wúre fún mi. Ó ní lórí kí ni? N kò mọ ohun tí mo lè sọ, mo ní mo tún fẹ́ gun àkàbà lọ́la. Ó ní, “O kò ní já.” Mo ní, “Àmín.” Ó rẹ́rìn-ín títí àkàrà fi jóná. Ó ní, “Ó ti tó ọdún mélòó tí o ti ń gun àkàbà?” Lẹ́yìn náà ló bi mí bóyá mo ti padà sẹ́yìn Ànábì. Mo ní rárá. Ó ní kò burú, kí n ṣáà máa ṣe àmín.

O tún béèrè ojú tí àwọn ẹlẹ́sìn fi ń wò wá. Ojú wọn kò dọ́gba. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ń ṣe ìjọ aláṣọ funfun, ìjọ tí Oshoffa dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ wa níbí ní 1947. Nígbà tí olè kó irinṣẹ́ mi, ó ní àìgbàdúrà mi ló fà á. Nígbà tí mo bá wọn fa iná sílé lọ́fẹ̀ẹ́, ó ní Ọlọ́run ló lò mí. Olè kó mi lẹ́rù, ẹ̀bi tèmi ni. Mo ṣe oore, ọpẹ́ kì í ṣe tèmi. Títí di òní, ó ń dùn mí. Ní ti ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Kétu, orúkọ tí wọ́n ń pè mí ló ń bí i nínú. Ó ní, “Kèfèrí ni wọ́n ń pe èmi tí mò ń bọ Ògún lọ́dọọdún, kèfèrí náà ni wọ́n ń pe ìwọ tí o kò bọ ohunkóhun. Èwo ló jọra níbẹ̀?” Kò bínú pé n kò gbàgbọ́. Ó kàn ní n kò gbọdọ̀ bá òun pín orúkọ.

O kò dá nìkan wà. Nígbà ìkànìyàn 2013, àwọn tó ní àwọn kò ṣe ẹ̀sìn kankan jẹ́ 5.8 nínú ọgọ́rùn-ún ní Benin. Òfin orílẹ̀-èdè tí a ṣe ní 1990 náà gbà fún ọ, wo abala 23. Ṣùgbọ́n abala kankan kò sọ bí o ṣe máa dá màmá rẹ lóhùn láàárọ̀.

N kì í jẹ́rìí èké. Bí wọ́n bá ní kí n wá sọ níwájú ìjọ pé Ọlọ́run ṣe báyìí fún mi, n kì í lọ. Ṣùgbọ́n “o kò ní já” kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí mo nílò ìgbàgbọ́ kí n tó fara mọ́ ọn. Èmi náà kò fẹ́ já.

Nítorí náà, máa ṣe àmín rẹ. Bí ó bá bi ọ́ lójúkojú pé ṣé o ṣì gbàgbọ́, má parọ́ fún un. Má sì sọ ọ́ lórí fóònù o. Wọ mọ́tò lọ sí Ṣábẹ̀ẹ́, kí o jókòó tì í, kí o sì sun ibẹ̀ mọ́jú.