Ẹ sọ ọmọ yẹn kalẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ọ̀rọ̀ yín. Ẹ ní owó ilé ìwé ló gun òkè kọjá agbára yín, ẹ sì ti mú àwọn ọmọ wálé láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù yìí: ọmọ ọdún méjìlá, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ọmọ ọdún mẹ́fà, àti èyí tó ń lọ sí ọdún kan àbọ̀. Ẹ wá ń béèrè aago tó yẹ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, àti bí ẹ ó ṣe pín ara yín fún àwọn mẹ́ta nígbà tí èyí kékeré kò fẹ́ kúrò lára yín.

Ìbàdàn ni mo wà, ọmọ márùn-ún ni mo bí, ọdún 2016 la sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ wọn nílé, nígbà tí akọ́bí mi wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ. Mo máa dé orí ìbéèrè yín. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà nínú ohun tí ẹ kọ tí kò jẹ́ kí n lè sùn lánàá. Ẹ ní ẹ̀gbọ́n wọn ló máa ń bá yín pọn ọmọ tí ẹ bá ń kọ́ àwọn yòókù. Ẹ jọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ dá a dúró.

Ohun tí èmi náà ṣe nìyẹn. Ọdún méjì gbáko ni akọ́bí mi fi pọn àbúrò rẹ̀ kẹrin. Ọmọ tó ń gbọ́ràn ni, kì í ráhùn. Bí mo bá jókòó ti àwọn kékeré nídìí A B D, òun á wà níta lábẹ́ igi máńgòrò, á máa rọ ọmọ kó lè sùn, ìwé ìṣirò rẹ̀ á wà lórí bẹ́ǹṣì. Tí mo bá ké sí i pé, "Ṣé o ti ṣe é?", á ní, "Mo ti ń ṣe é, Mọ́mì." Mo sì ń gbà, torí ọwọ́ mi kún. Mo tilẹ̀ ń sọ fún àwọn èèyàn ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ mi ti ń dá kàwé.

Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá nígbà tí àbúrò ọkọ mi, tó ń kọ́ni ní ìṣirò, wá kí wa lásìkò Kérésì. Ó ní kó bá òun ro ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin pọ̀ mọ́ ìdajì. Ọmọ náà wo ìwé, ó wò mí, omi lé ròrò lójú rẹ̀. Kò mọ ọ́n. Ohun tí ọmọ ọlọ́dún mẹ́sàn-án ń ṣe, kò mọ ọ́n, kò sì sọ fún mi, torí ó rí i pé ó ti rẹ̀ mí. Ojú tó fi wò mí lọ́jọ́ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi títí dòní. Orí rẹ̀ pé dáadáa. Èmi ni mo gba àkókò rẹ̀ fún ọmọ tí èmi bí. Ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kẹrin la padà sí, oṣù mẹ́sàn-án la sì lò kó tó bá ara rẹ̀. Ní gbogbo oṣù mẹ́sàn-án yẹn, tó bá ṣi ohun kékeré kan ṣe, á kọ́kọ́ ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú." Kí ni mo fẹ́ bínú sí?

Àtubọ̀tán rẹ̀ ló bá wa dé ìdí ìdánwò. Ọmọ ọdún méjìlá lẹ ní, ẹ ó máa rò pé ó ṣì jìnnà. Kò jìnnà. Ìdánwò WAEC tí wọ́n ń ṣe láàárín oṣù kẹrin sí oṣù kẹfà, ti ọmọ ilé ìwé ni. Ilé ìwé ló ń fi orúkọ ọmọ sílẹ̀, òun náà ló sì ń fi máàkì iṣẹ́ kíláàsì ọdún mẹ́ta ránṣẹ́. Ọmọ tó ń kàwé nílé kò ní máàkì yẹn. Ní 2023, ẹnì kan mú mi lọ bá ọ̀gá ilé ìwé aládàáni kan. Ọ̀gá náà ní kò sí wàhálà, kí n san ₦70,000, kí ọmọ máa wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, àwọn á bá a wá máàkì. Ibẹ̀ ló ti yẹ kí n dìde kúrò. Máàkì iṣẹ́ tí ọmọ kò ṣe lọ́dọ̀ yín, níbo lẹ ti fẹ́ rí i, tí kì í bá ṣe irọ́? Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti bà mí pé ọmọ mi ti pẹ́ jù, mo sì sanwó.

Ó ń lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀. Wọ́n gba fọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀ ní oṣù kìíní. Ní oṣù kejì mo béèrè, wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀. Ní oṣù kẹta mo tún lọ, wọ́n ní ọ̀gá kò sí nílé. Ìgbà tí àwọn ọmọ yòókù gba ìwé tí wọ́n kọ nọ́ńbà ìdánwò sí, tèmi padà wálé lọ́wọ́ òfo. Aago méje àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo dé ẹnu géètì. Wọ́n jẹ́ kí n jókòó lórí bẹ́ǹṣì títí di aago méjì ọ̀sán. Nígbà tí ọ̀gá náà máa jáde, kò jókòó. Ó ní wọ́n ti ti ìforúkọsílẹ̀ pa, àṣìṣe akọ̀wé òun ni. Mo ní kí ló dé tí wọn kò sọ fún mi láti oṣù kejì. Ohun tó fi dá mi lóhùn ni pé, "Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ kò fẹ́ ilé ìwé, kí lẹ wá ń wá nílé ìwé?" Lójú ọmọ mi ló ti sọ ọ́. ₦20,000 ni mo rí gbà padà nínú owó náà títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. A rìn láti ibẹ̀ dé Ọjọ̀ọ́ láìsọ̀rọ̀.

Ohun tó yẹ kí ẹnì kan ti sọ fún mi, tí mo ń sọ fún yín báyìí: WAEC ní ìdánwò ti aládàáni lọ́tọ̀, ìyẹn ẹni tó ń forúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ láìsí ilé ìwé, èyí tí àwọn èèyàn ń pè ní GCE. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń ṣe é lọ́dún, ti àkọ́kọ́ máa ń bọ́ sí oṣù kìíní sí oṣù kejì. Ẹ kò nílò ọ̀gá ilé ìwé kankan níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń béèrè máàkì kíláàsì. Ẹ̀rù mìíràn tó lé mi lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá yẹn ni pé a kò ní láàbù sáyẹ́ǹsì nílé, lásán sì ni. Ní fisíìsì, kẹ́mísìrì àti bàólójì, àwọn aládàáni ń dáhùn ìbéèrè lórí iṣẹ́ láàbù sínú ìwé ni, wọn kì í wọ láàbù lọ́jọ́ ìdánwò. Ọmọ gbọ́dọ̀ mọ iṣẹ́ náà o, àwa fi ọtí kíkan, omi ọsàn àti ewé ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀ ní kíṣìnì. NECO, àjọ ìdánwò kejì, náà ní ti aládàáni tirẹ̀. Láti 2024, WAEC ti bẹ̀rẹ̀ sí fi kọ̀ǹpútà ṣe ti aládàáni, ojú kọ̀ǹpútà ni ọmọ ti ń mú ìdáhùn nínú apá ìbéèrè oníyàn. Fóònù nìkan ni ọmọ mi mọ̀ ọ́n tẹ̀, àfi ìgbà tí a san owó káfé ní Bódìjà fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ọwọ́ rẹ̀ tó yá. Ìbẹ̀rẹ̀ 2025 ló ṣe é, ó sì yege nínú Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò pẹ̀lú márùn-ún mìíràn. Ìṣirò yẹn ni mo sunkún lé lórí. Ọdún kan ló ti lọ sí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ Nàìjíríà, kó má lọ gbàgbé mi. Láti 2021, JAMB kì í forúkọ ọmọ sílẹ̀ fún UTME, ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì, láìsí NIN, inú NIN náà sì ni wọ́n ti ń fa orúkọ àti ọjọ́ ìbí yọ. Ọmọ mi kejì, ọdún 2010 la bí i. Ọmọkùnrin tó ń tẹ̀ ẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù tí a ti lọ ṣe NIN tẹ 2019, torí 9 àti 0 fara kanra lórí bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà. Ọdún méjì lẹ́yìn náà la tó rí i. Nínú ìwé, àwọn àbúrò rẹ̀ ti di ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bẹ́ẹ̀ JAMB ń béèrè ọmọ ọdún 16. Sísan owó àtúnṣe nìkan kọ́ ni ìyà rẹ̀, ẹ lọ lónìí, wọ́n ní ẹ padà wá lọ́la, nẹ́tíwọ̀kì ò sí, ẹni tó ń fọwọ́ sí i ti lọ ìsinmi. Ẹ mú ìwé ìbí ọmọ dání, kí ẹ sì dìde dúró lẹ́yìn ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́, kí ẹ ka lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lójú ara yín. Tó bá ń bínú, ẹ jẹ́ kó máa bínú.

Ó dáa. Aago lẹ béèrè.

Ní ọdún àkọ́kọ́, agogo ni mo ń lù. Ogójì ìṣẹ́jú fún Gẹ̀ẹ́sì, ogójì fún ìṣirò, bí ilé ìwé gẹ́lẹ́. Kó tó di aago mọ́kànlá, ohùn mi á ti há. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni kí ẹ kọ́kọ́ fi kọ àsìkò tí èyí kékeré ń sùn sílẹ̀, ìgbà tó sùn àti ìgbà tó jí. Ẹ ó rí i pé ó ní ìlànà tirẹ̀. Oorun àárọ̀ yẹn, èyí tó gùn jù, ti akọ́bí yín ni. Òun nìkan, ẹ̀yin nìkan, ìṣirò, ìṣẹ́jú 45, ẹ ti ilẹ̀kùn. Ẹ má fọ aṣọ lásìkò náà, ẹ má gbé ìkòkò kaná. Èyí ọlọ́dún mẹ́sàn-án á máa kọ ìwé rẹ̀ tàbí kó ka ìwé fún àbúrò rẹ̀ ní pálọ̀. Bí èyí kékeré bá jí, ẹ̀yìn tiyín ni kó wà. Mo mọ̀ pé ẹ̀yìn ń dùn yín. Ẹ pọ̀n ọ́n síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n lè bá a ṣeré fún ìgbà díẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀sán, nígbà tí iṣẹ́ ti parí, ìyẹn kò burú.

Kò pọn dandan kí ẹ pín gbogbo nǹkan sí mẹ́ta. Ìtàn, sáyẹ́ǹsì, ìwé kíkà sókè, ẹ pe gbogbo wọn jọ. Ẹ̀kọ́ kan náà, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ọlọ́dún mẹ́fà á ya á, ọlọ́dún mẹ́sàn-án á kọ gbólóhùn márùn-ún, ọlọ́dún méjìlá á kọ ojú ìwé kan. A mú tiwa lọ sí Gbọ̀ngán Mápó, a gun ilé gogoro Láyípo ní Òkè Àrẹ̀mọ, ọ̀sẹ̀ kan gbáko la fi sọ̀rọ̀ lórí ohun tí wọ́n rí. Òṣogbo lẹ ní ẹ wà, igbó Ọ̀ṣun wà nítòsí yín, àjọ UNESCO ti kọ ọ́ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá ayé láti 2005, ẹ wá bí ẹ ó ṣe mú wọn débẹ̀. Ìṣirò ọlọ́dún mẹ́sàn-án, ọjà ni. Ẹ fún un lówó kóńgò gààrí méjì, kó ra á, kó gba ṣéńjì, kó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ti ọlọ́dún mẹ́fà kò le: lẹ́tà, ìró, ọ̀rọ̀, gbólóhùn. Ẹ ó ṣe é. Yorùbá ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ṣá. Lẹ́tà 25 péré ni, bí a ṣe kọ ọ̀rọ̀ náà la ń pè é. Tíṣà kan ní àdúgbò wa sọ fún mi pé Yorùbá á ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ jẹ́, mo sì fi odindi ọdún kan gbọ́ tirẹ̀. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà ní ilé ìwé kan ní Modákẹ́kẹ́, Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan lára iṣẹ́ yòókù. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Àgbà tíṣà kan lè má mọ èyí, kó sì máa pàṣẹ fún yín.

Àwọn ará àdúgbò á máa rán àwọn ọmọ yín níṣẹ́ torí wọ́n rí wọn nílé ní aago mẹ́wàá. Ẹ kọ̀ fún wọn láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ má gba ọmọ ẹlòmíì mọ́ tiyín o, ó bẹ̀rẹ̀ bí "ẹ bá mi wò ó di ọ̀sán," ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọdún kan lọ́wọ́ mi. Ẹ sì kọ déètì sórí gbogbo iṣẹ́ tí àwọn ọmọ bá ṣe, kí ẹ tọ́jú ìwé wọn. Òfin UBE (ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ) ti 2004 ní kí òbí rí i pé ọmọ parí ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ girama. Ọkùnrin kan wá sílé wa ní 2018, ó ní iṣẹ́ ìjọba lòun wá ṣe, ó ń pariwo lẹ́nu ilẹ̀kùn pé níbo ni yúnífọ́ọ̀mù wọn wà. Kò bi ọmọ kankan ní ohun tó mọ̀. Nígbà tí mo kó ìwé ọdún méjì jáde síwájú rẹ̀, pẹ̀lú déètì lórí gbogbo rẹ̀, ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

Ẹ kò sọ ibi tí èyí ọlọ́dún méjìlá dé nínú ìṣirò. Ẹ fún un ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àti ìdajì yẹn lálẹ́ òní, ẹ̀yin méjèèjì nìkan, kò gbọdọ̀ sí ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ wá kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ síbí. Ìwé tí a fi bẹ̀rẹ̀ padà ṣì wà lọ́wọ́ mi, mo lè fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ mọ́tò tó ń bọ̀ ní Òṣogbo.