Màmá, ṣé kí n fi owó ilẹ̀ wa ra ilẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì?

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún mẹ́ta ni èmi àti ọkọ mi ti ń dá àjọ láti fi ra ìdajì plọ́ọ̀tì ní Mọ́níyà. Ọwọ́ mi ni owó ọ̀hún wà. Àbúrò mi ọkùnrin ní kí n fi ra ilẹ̀ nínú Decentraland, pé òun ni ayé ń rà báyìí, pé bàbá kan tó ń bá wọn tà á yóò bá wa tọ́jú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Mo ti san ₦150,000 láìsọ fún ọkọ mi. Wọ́n ní kí n san èyí tó kù kí oṣù tó parí. Mi ò rí oorun sùn mọ́. Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn."

Ìyá Ìbejì ọmọ mi, má fi kọ́bọ̀ kan kún un. Jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn ná.

Àbúrò rẹ ò purọ́ pátápátá. Decentraland wà. Ìlú tí wọ́n yà sórí kọ̀ǹpútà ni, tí èèyàn ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wọ̀, ọdún 2020 ni wọ́n ṣílẹ̀kùn rẹ̀ fún gbogbo ayé. Plọ́ọ̀tì 90,601 ni wọ́n gé e sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 16 níbùú, mítà 16 lóròó. Mo ṣírò rẹ̀, mo sì rẹ́rìn-ín: ó fi díẹ̀ ju ìdajì plọ́ọ̀tì 50 sí 100 lọ, bí èyí tí ẹ̀ ń wá ní Mọ́níyà gẹ́lẹ́. Àfi pé ẹ̀gẹ́ ò lè hù níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìròyìn àná ló gbé wá bá ọ. Ní October 2021 tí iléeṣẹ́ Facebook sọ ara rẹ̀ di Meta, tó ní irú ayé orí kọ̀ǹpútà báyìí lòun fẹ́ kọ́, ṣe ni àwọn olówó ń rọ́ lọ síbẹ̀. Ẹnìkan san $450,000 kó lè di aládùúgbò Snoop Dogg, olórin ará Amẹ́ríkà, nínú Sandbox, ìlú mìíràn tó jọ Decentraland. MANA, owó tí wọ́n ń ná ní Decentraland, ju dọ́là márùn-ún lọ ní November ọdún yẹn. Nígbà tí 2022 fi máa parí, ẹyọ kan ò tó ìdajì dọ́là. Ta lo rò pé ó ń wá oníbàárà kiri báyìí?

Ohun tó dùn mí jù ni pé Mọ́níyà lẹ fẹ́ torí rẹ̀ fi sílẹ̀. Láti 2021 ni ọkọ̀ ojú irin ti ń gbé èrò láti Èkó wá sọ̀ síbẹ̀. Èrò tó sọ̀ yóò wá ibi tí yóò sùn, yóò wá ibi tí yóò ti jẹun, ilẹ̀ ò sì lè fẹ̀ sí i nítorí wọn. Nínú Decentraland, kò pọn dandan kéèyàn rìn kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹnikẹ́ni. Yóò tẹ nọ́ńbà ibi tó ń lọ, ó ti débẹ̀. Kí wá ni àǹfààní ilẹ̀ oríta níbi tí kò sẹ́ni tó ń gba oríta kọjá? Bí 90,601 yẹn bá sì tán, Sandbox ní 166,464 tirẹ̀, ẹlòmíì tó bá lówó lè tẹ òmíràn dó lọ́la.

Ti bàbá tó fẹ́ tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ló kó ẹ̀rù bá mi. Kọ́kọ́rọ́ yẹn kì í ṣe irin. Ọ̀rọ̀ àṣírí méjìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ló ni ilẹ̀, kò sì sí báálẹ̀ tàbí mọ́gàjí tí wàá lọ bá. Béèrè nọ́ńbà plọ́ọ̀tì náà lọ́wọ́ rẹ̀. Nọ́ńbà méjì ni ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní, ẹnikẹ́ni ló sì lè wò ó lórí máàpù wọn kó rí àkáǹtì tó ni ín. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́, gbàgbé ilẹ̀, owó rẹ ni kí o máa béèrè.

Àmọ́ kì í ṣe ilẹ̀ ni kò jẹ́ kí o sùn. Má lọ yá owó láti fi dí ojú ihò yẹn o. Mo ti ṣe é rí, lórí owó léèsì kan. Ọdún kan gbáko ni mo fi ń san gbèsè ohun tí ọkọ mi ti mọ̀ láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Jẹ́ kí àwọn ìbejì sùn ná, kí o gbé ìwé àjọ dání lọ bá a. ₦150,000 ni kí o kọ́kọ́ dárúkọ, kí o tó dárúkọ àbúrò rẹ.