Kànga Dẹ̀rọ Tí Ò Sun Omi, àti Iye Tí Wọn Ò Kọ Sára Pátákó

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin oníwèé ìròyìn wa. Ìlú kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àjàṣẹ́-Ìpo ni mo ti ń kọ̀wé yìí, ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Ó ti lé lọ́dún méjì tí wọ́n gbẹ́ kànga dẹ̀rọ síwájú ilé ìwòsàn wa, wọ́n ta kánópì, wọ́n lùlù, a jó, èmi gan-an jó. Omi yẹn ò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tó fi dákẹ́. Títí dòní, aláboyún tó bá fẹ́ bímọ níbẹ̀, ẹbí ẹ̀ ló máa gbé kẹ́ẹ̀gì omi dání. A bi kánsẹ́lọ̀, ó ní ká lọ bi ọgá òun, ọgá ò sì wálé. Ṣé báyìí la ó ṣe máa wo àwọn olè yìí ni? Kí làwa mẹ̀kúnnù lè ṣe? — Ìyá Ayọ̀

ÌDÁHÙN: Ìyá Ayọ̀, ẹ kú ìrọ́jú, mà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà yín, ibi aláboyún yẹn ni mo dúró sí níjọ́ àkọ́kọ́, mi ò lè kà á síwájú. Mo ti rí irú kànga yìí nílùú tó ju ẹyọ kan lọ lápá Ìgbómìnà. Èyí tí mo rí kẹ́yìn, lọ́nà Òmù-Àrán, ewúrẹ́ méjì ló sùn sábẹ́ táǹkì ẹ̀, ẹnu ẹ̀rọ ti dógùn-ún pátápátá, ṣùgbọ́n pátákó ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ṣì ń dán. Orúkọ ẹni tó gbé iṣẹ́ wá wà níbẹ̀ gàdàgbà, fọ́tò ẹ̀ náà wà níbẹ̀. Iye tí wọ́n ná? Kò sí. Orúkọ kọngílá? Kò sí.

Ibẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, mà, iye tí wọn ò kọ yẹn. Olè inú ìjọba kì í fọ́lé lóru o, ọ̀sán gangan ló ń jalè, inú ìwé ló ti ń jà á, ohun tó sì ń bò ó láṣìírí ni pé àwa tá a lowó ò mọ iye ẹ̀. Ẹni tí ò mọ iye tó kó fọ́mọ lọ sọ́jà, ṣéńjì wo ló fẹ́ bèèrè?

Ẹ jẹ́ n sọ ti Uganda fún yín. Láàárín 1991 sí 1995 ìjọba wọn ń fowó ránṣẹ́ sí àwọn iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìgbà táwọn oníwàádìí tọ owó yẹn dé ẹnu ọ̀nà iléèwé, nínú 100 ṣílè tó jáde lókè, bíi 13 péré ló ń débẹ̀. Ìjọba wá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ iye tó lọ sí àgbègbè kọ̀ọ̀kan sínú ìwé ìròyìn, wọ́n ní kí iléèwé náà lẹ iye tiwọn mọ́ ògiri kí òbí tó bá ń kọjá lè kà á. Nígbà tó máa fi di 2001, ó ti lé ní 80 nínú 100. Kì í ṣe ìwé orí ògiri nìkan ló ṣe gbogbo ẹ̀ o, wọ́n tún àwọn nǹkan míì ṣe, ṣùgbọ́n ẹ ò rí i pé owó tí gbogbo èèyàn mọ iye ẹ̀ máa ń ṣòroó kó jẹ.

Àwa náà mọ ìyà owó iléèwé ní Kwara. Láti 2013 ni UBEC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń fún ìpínlẹ̀ lówó iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ti ti ilẹ̀kùn owó mọ́ ìpínlẹ̀ wa, wọ́n ní owó tó wá tẹ́lẹ̀ ò lọ síbi tó yẹ, ó di 2020 kó tó ṣí. Ẹ bá mi kà á, ọmọ tó wọ praimárì wáànù lọ́dún 2013 ti jáde kó tó dìgbà yẹn. Kò sẹ́ni tó lè dá ọdún mẹ́fà yẹn padà fún un.

Tó bá wá kan tiyín, ìwé ni kẹ́ ẹ kọ, ẹ má kàn lọ máa bínú níwájú kánsẹ́lọ̀. Òfin kan wà tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 2011, FOI ni wọ́n ń pè é, ó ní ẹnikẹ́ni lè bèèrè ìwé lọ́wọ́ ọ́fíìsì ìjọba láìsọ ìdí tó fi fẹ́ ẹ, wọ́n sì gbọ́dọ̀ dáhùn láàárín ọjọ́ 7. Ẹni tí ò bá mọ̀wé kọ lè rán ẹlòmíì, torí náà Ayọ̀ tó ń bá yín tẹ lẹ́tà lè kọ ọ́. Àwọn káńsù kan máa ń sọ pé òfin Àbújá ni, kò kan àwọn, ẹ dá wọn lóhùn pé ilé ẹjọ́ tó ga jù ti sọ ní oṣù kẹrin 2025 pé ó kan gbogbo ìjọba, títí dé káńsù. Tí wọ́n bá kọ̀, ẹ ní ọjọ́ 30 láti lọ kóòtù, owó ìtanràn ẹni tó kọ̀ láìnídìí sì jẹ́ 500,000 náírà.

Ẹ bèèrè iye tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún kànga yẹn, orúkọ kọngílá, iye tí wọ́n ti san fún un, àti ẹni tó fọwọ́ sí i pé iṣẹ́ ti parí. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ló máa ń ká wọn lára jù, torí ẹnì kan ti fi orúkọ ara ẹ̀ síbẹ̀ pé òun rí omi.

Ẹ má dá nìkan lọ o, wọ́n á ní àwọn alátakò ló rán yín. Kí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú fọwọ́ sí i, káwọn ìyá ọjà fọwọ́ sí i, lémọ́ọ̀mù àti pásítọ̀ náà. Tẹ́ ẹ bá mú ìwé náà dé káńsù, ẹ jẹ́ kí wọ́n lu sítáǹpù sí ẹ̀dà tiyín. Tó bá jẹ́ aṣòfin ló gbé iṣẹ́ náà wá, láti 2019 ni ICPC, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, ti ń tọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láti ìlú dé ìlú, wọ́n ní ọ́fíìsì n'Ílọrin níbí, ẹ kó fọ́tò kànga náà lọ bá wọn.

ÌBÉÈRÈ: Mo lọ gba ìwé kan ní ọ́fíìsì ìjọba kan, ẹni tó wà nídìí tábìlì ní fáìlì mi ò tíì rìn. Mo fún un ní 3,000, kò pé wákàtí kan, fáìlì sáré. Ṣé èmi náà ti dolè? — Ọmọ Tanke

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, òfin ICPC ti ọdún 2000 mú ẹni tó gba rìbá, ó mú ẹni tó fúnni, n ò lè ní kò sí nǹkan. Ìyá àgbà tó jókòó lẹ́yìn ẹ lórí bẹ́ǹṣì, tí ò ní 3,000, abẹ́ tìẹ ni fáìlì tiẹ̀ lọ. Nígbà míì, kó o ní kó já rìsíìtì fún ẹ, sọ ọ́ sókè kí ará ọ́fíìsì gbọ́. Ó lè dá ẹ dúró fún ọjọ́ mẹ́ta, wàá san owó ọ̀kadà lẹ́ẹ̀mẹta, n ò ní parọ́ fún ẹ. San owó ọ̀kadà yẹn, má san rìbá.

ÌBÉÈRÈ: Mo ń ṣiṣẹ́ ní káńsù kan ní gúúsù Kwara, mo rí ìwé tí wọ́n fi sanwó iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò ṣe. Tí mo bá kọ pẹtísọ̀n, ṣé wọn ò ní wá mi délé? — Ẹ fi orúkọ mi bò

ÌDÁHÙN: Ẹ̀rù yín tọ̀nà. Òfin ICPC yẹn kan náà ní wọn ò gbọdọ̀ tú àṣírí ẹni tó mú ẹ̀sùn wá. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ kan tún wà láti oṣù kejìlá 2016 tó ń fún ẹni tó tú àṣírí ní ìdá 2.5 sí 5 nínú 100 owó tí ìjọba bá rí gbà padà, ṣùgbọ́n ìlànà ni o, kì í ṣe òfin tí ilé aṣòfin ṣe, ẹ má gbójú lé e. Ohun tẹ́ ẹ fojú rí ni kẹ́ ẹ kọ, ẹ yọ tàbí-tàbí kúrò, torí ẹ̀sùn irọ́ náà ní ìjìyà. Fọtokọ́pì ni kẹ́ ẹ mú, ẹ fi ojúlówó sílẹ̀ nínú fáìlì. Ẹ má fi kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tẹ̀ ẹ́, ẹ má sì sọ ọ́ fún ẹni tẹ́ ẹ jọ ń jẹun ọ̀sán, bó ti wù kó sún mọ́ yín tó.