Èsì: Ìwé ọmọbìnrin tó ń di igún

Ẹ kú ìbéèrè o, ìyá wa. Ẹ ní ṣé Who Fears Death ti Nnedi Okorafor dára fún ọmọ yín ọlọ́dún 13. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó dàgbà díẹ̀ sí i. Ìwé ńlá ni lóòótọ́: Onyesonwu tí ìlú kò kà kún ènìyàn ń di igún, ó sì rí ikú ara rẹ̀ nínú ìran. (Orúkọ Èṣù ni wọ́n ń pe ẹni tó lè paradà níbẹ̀, mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an!) Àmọ́ ìfipábánilòpọ̀ àti dídá abẹ́ fún ọmọbìnrin wà níbẹ̀, kò sì fi bò rárá.

Akata Witch, ìwé mìíràn tí Okorafor kọ, ni kí ẹ rà fún un. Sunny, àfín ọlọ́dún 12 ní Aba, rí òpin ayé nínú iná àbẹ́là. What Sunny Saw in the Flames ni wọ́n pè é nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní Nàìjíríà.