Ríìlì onípákó tó ń há lásìkò òjò: ètò iṣẹ́ ló fa èyí tó pọ̀ jù

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ríìlì onípákó tí ẹ ṣe láti máa fi ká okùn ìpẹja ń yí geere nígbà ọyẹ́, àmọ́ bí òjò ṣe dé, àgbá rẹ̀, ìyẹn igi roboto tí okùn ń ká sí, ń ha pákó ẹ̀yìn, okùn sì ń yọ́ gba àlàfo wọlé. Ẹ wá ń béèrè bóyá igi tí ẹ lò ni kò dáa. Igi lè dá sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n ètò iṣẹ́ ni mo fura sí: ó jọ pé ẹ fá àgbá tán kẹ́ ẹ tó lu ihò àárín rẹ̀. Ẹni tó bá ṣe é bẹ́ẹ̀, àgbá rẹ̀ á máa fì títí ni, igi yòówù kó lò.

Ìlú Nottingham, lẹ́bàá odò Trent nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, la ti mọ irú ríìlì yìí ní ọ̀rúndún 19. Kò ní jíà rárá. Àgbá igi kan ni lórí irin kan, odò fúnra rẹ̀ á sì máa fa okùn kúrò lára rẹ̀. Wọ́n máa ń de idẹ oníràwọ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́ o. Ìràwọ̀ yẹn ló ń di pákó ẹ̀yìn mú kó má baà ká, òun náà ló sì yẹ kó gbé irin àárín dúró. Bó bá jẹ́ inú pákó lásán ni ẹ ki irin yín bọ̀, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe.

Ní ti igi, ẹ wá apá. Nínú igi tó wà lọ́jà pákó lọ́dọ̀ wa, ó wà lára àwọn tí kì í fẹ̀ púpọ̀ bí ojú ọjọ́ bá yí padà. Ó wúwo, ó sì máa ń mú kí ayùn kú, ẹ fara dà á. Ọ̀gànwó fúyẹ́, ó sì rọrùn láti fá, ṣùgbọ́n ó ń wú ju apá lọ. Ìrókò náà ṣeé lò, àmọ́ kẹ́ ẹ fi nǹkan bo imú tí ẹ bá ń fi sáńpépà ha á, eruku rẹ̀ ń ta ọ̀fun àti ojú. Pákó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti sọ́míìlì dé kò ṣeé lò. Ẹ gé e sí 30 mm ní nínípọn, kó wà nínú yàrá iṣẹ́ yín, kẹ́ ẹ máa gbé e sórí ìwọ̀n ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bí ìwọ̀n rẹ̀ bá dúró sójú kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ti gbẹ dé ibi tó máa gbẹ dé.

Ohun tó yẹ ká rántí ni pé ìbú ni pákó ti máa ń fẹ̀, òòró rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Nítorí náà, ohun roboto tí ẹ fá nínú ọyẹ́ á ti rí bí ẹyin díẹ̀ tó bá fi máa di oṣù keje. Lórí àgbá 100 mm, ọ̀gànwó lè fi nǹkan bí 1 mm fẹ̀. Kò sí fáníṣì tó lè dá a dúró pátápátá. Ńṣe ni kẹ́ ẹ fi àyè sílẹ̀ fún un.

Ìwọ̀n tó tọ́ fún ẹ̀pìyà àti àrọ̀ tí kò tóbi jù: àgbá 100 mm láti etí dé etí, 22 mm ní fífẹ̀. Etí kọ̀ọ̀kan gba 5 mm nínú rẹ̀, kòtò okùn gba 12 mm. Ìdí kòtò kò gbọ́dọ̀ kéré sí 45 mm, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ okùn á máa ṣù bó bá ń jáde. Bí okùn bá kún un dé 90 mm, ìyípo kan á ká nǹkan bí 28 cm wọlé.

Irin àárín wá ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹ má lo rọ́ọ̀dù birikilà tàbí bóòtù lásán, wọn kì í tọ́. Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tú àlòkù ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kọ̀ǹpútà: irin dídán 8 mm tí orí ìtẹ̀wé máa ń rìn lórí rẹ̀ ti tọ́ láti ilé iṣẹ́. Ẹ gba kílíìpù kékeré tó ń dì í mú pẹ̀lú rẹ̀, ẹ máa nílò rẹ̀. Ẹ yí irin náà lórí gíláàsì. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ lábẹ́ rẹ̀, ẹ wá òmíràn. Ẹ fá orí kan rẹ̀ sí 6 mm, ní gígùn 10 mm, kẹ́ ẹ gé tírẹ́ẹ̀dì M6 (ojú tí nọ́ọ̀tì 6 mm máa ń wọ̀) sí i. Bí dáì, ìyẹn irin tó ń gé tírẹ́ẹ̀dì, kò bá jẹ ẹ́, ẹ fi iná mú orí yẹn nìkan pọ́n, kó tutù fúnra rẹ̀, ẹ má bu omi sí i.

Ẹ ṣe búṣì idẹ (páìpù kékeré tí irin àárín máa gba inú rẹ̀ kọjá) tó jẹ́ 14 mm lóde, 22 mm ní gígùn. Dírìlì 7.8 mm ni kẹ́ ẹ fi lu ú, kí ríímà 8 mm, irin tó ń tún ojú ihò ṣe kó bá ìwọ̀n mu gan-an, tó parí rẹ̀. Dírìlì 8 mm máa ń lu ihò tó ju 8 lọ, irin á wá máa jó nínú rẹ̀.

Ètò tí mo ń sọ níbẹ̀rẹ̀ rèé. Ẹ gé pákó roboto 104 mm tí ẹ kò tíì fá. Ẹ lu ihò 14 mm sí i láàárín, ẹ fi ayùn irin ha ẹ̀yìn búṣì kó le di gọ́ọ̀mù mú, ẹ fi Araldite lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, kó di ọjọ́ kejì. Nígbà náà ni kẹ́ ẹ gbé e sórí irin 8 mm mìíràn tó ní tírẹ́ẹ̀dì àti nọ́ọ̀tì, kẹ́ ẹ dè é pinpin, kẹ́ ẹ tó fá etí, kòtò, àti ojú méjèèjì. Ihò ló ń yí i, torí náà gbogbo ojú tí ẹ bá fá á bá ihò mu. Bí ẹ kò bá ní ẹ̀rọ lathe tó ń yí igi kẹ́ ẹ lè fá a, àwọn tó ń fá ẹsẹ̀ tábìlì á bá yín ṣe é. Ẹ kàn máa dúró tì wọ́n, torí wọ́n á fẹ́ yọ búṣì yẹn kí wọ́n lè fi irin tiwọn dì í.

Pákó ẹ̀yìn jẹ́ 108 mm, 14 mm ní nínípọn. Ẹ gbẹ́ ojú rẹ̀ wọlé 3 mm, kí ibi tí ẹ gbẹ́ jẹ́ 102 mm láti etí dé etí, kí àgbá lè jókòó sínú rẹ̀ pẹ̀lú àyè 1 mm yí ká. Ògiri kékeré yẹn ni kò ní jẹ́ kí okùn rí ọ̀nà tààrà gbà wọlé. Síbẹ̀, okùn tó tín-ín-rín ju 0.35 mm lọ kò dára fún ríìlì onípákó.

Idẹ ìràwọ̀ nípọn 3 mm, ó ní apá mẹ́rin. Skúrù méjì tó sún mọ́ àárín á fún pinpin, àmọ́ ihò skúrù tó wà lórí apá kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gùn tó 5 mm, kí pákó lè máa fẹ̀ kó sì máa sún kì lábẹ́ rẹ̀. Bí gbogbo wọn bá fún, pákó á tẹ̀ bí òjò bá dé. Ẹ lu ihò 14 mm gba inú pákó kọjá, kẹ́ ẹ ki páìpù idẹ kékeré tó gùn ní 12 mm yí irin ká, kó dúró lórí ìràwọ̀. Àgbá á jókòó lórí páìpù yẹn, àlàfo 1 mm á sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Báyìí, irin kò fara kan pákó níbì kankan. Kílíìpù inú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni ẹ máa fi ti àgbá níwájú, pẹ̀lú àyè 0.2 mm kó lè yí fàlàlà.

Ẹsẹ̀ ríìlì: idẹ 65 mm sí 18 mm. Ẹ dè é mọ́ ìràwọ̀, kó má jẹ́ mọ́ pákó nìkan. Ọwọ́ méjì tí ẹ ó fi máa yí àgbá ló dára, kí wọ́n dojú kọra. Ìwo màlúù láti ọ̀dọ̀ alápatà ṣe é dáadáa, bí òórùn rẹ̀ kò bá lé yín jáde nígbà tí ẹ bá ń ha á. Bí ẹ bá lo ọwọ́ kan ṣoṣo, ìhà yẹn ló máa ń dorí kodò ní gbogbo ìgbà.

Òróró linseed tí wọ́n ti sè ni kẹ́ ẹ fi kùn ún, fẹ́ẹ́rẹ́, ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, iwájú àti ẹ̀yìn bákan náà. Ojú kan tí ẹ kò bá kùn ló máa mu omi, tí pákó á fi ká. Ẹ má fi epo pupa dán an wò, kì í gbẹ. Inú búṣì, ẹ̀kán kan òróró ẹ̀rọ ìránṣọ ti tó. Gíríìsì á fà á sẹ́yìn.

Ẹ fi ìka ta á wò. Bó bá ń dúró sójú kan náà ní gbogbo ìgbà, ìhà kan wúwo: ẹ gbẹ́ díẹ̀ kúrò nínú etí lápá ìsàlẹ̀. Bó bá ń dúró níbi tó bá wù ú láìpẹ́, ìdọ̀tí tàbí òróró ni. Bó bá ń ha lẹ́ẹ̀mejì ní ìyípo kọ̀ọ̀kan, igi ti wú, ẹ fá etí.

Èyí tó wà lọ́wọ́ yín kò tíì bàjẹ́. Ẹ lu ihò àárín rẹ̀ tóbi dé 14 mm, ẹ lẹ búṣì sí i, kẹ́ ẹ wá tún gbogbo ojú rẹ̀ fá lórí irin 8 mm. Á dín kù ní nǹkan bí 2 mm. Kẹ́ ẹ tó ká okùn ọ̀rá sí i, ẹ kọ́kọ́ ká nǹkan bíi mítà 10 okùn òwú sí ìdí kòtò, torí ọ̀rá tí ẹja fà tí ẹ sì ká wọlé tipátipá máa ń ti etí méjèèjì síta títí wọ́n á fi là.